Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ ìwé inú fáìlì aláìsàn síta: bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìgbà tí ìbéèrè bá ti dé títí tí ìwé á fi jáde

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba fáìlì rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Aláìsàn fúnra ẹ̀ á wá, á ní òun fẹ́ kọ́pì èsì àyẹ̀wò òun, a óò ní kó lọ kọ lẹ́tà, kó lọ rí ọ̀gá, ọ̀gá ò sí nílé, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, ọkùnrin kan á wọ súùtù wọlé, á gbé lẹ́tà tó ní àmì ọ́fíìsì lórí sílẹ̀, á ní lọ́yà lòun, òun fẹ́ gbogbo fáìlì lágbájá, kí wákàtí kan tó pé a ti ṣe fótókópì ẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. À ń le koko mọ́ ẹni tó ni nǹkan, a sì ń lawọ́ sí àlejò. Látìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí àṣìṣe tí mo rí tó yẹn, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí ní ẹsẹẹsẹ.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí àti kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹ̀, ọsibítù tàbí dókítà ló ni ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ti aláìsàn ni. Kóòtù tó ga jù ní Kánádà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1992 nínú ẹjọ́ McInerney àti MacDonald. Aláìsàn kan ló béèrè gbogbo ìwé tó wà nínú fáìlì ẹ̀, dókítà ẹ̀ gbà láti fún un ní èyí tóun fúnra òun kọ, àmọ́ ó ní òun ò lè fún un ní èyí táwọn dókítà mìíì kọ ránṣẹ́ sóun. Kóòtù ní kó jẹ́ kó rí gbogbo ẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́, torí gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni "ìwé wa ni, a ò lè fún yín".

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ná

Gbàrà tí ìbéèrè bá ti wọlé, ìbáà jẹ́ lẹ́tà, ìbáà jẹ́ ímeèlì, ìbáà jẹ́ ẹni tó dúró síwájú yín, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà: ọjọ́ tó dé, ẹni tó béèrè, aláìsàn tó ń béèrè nípa ẹ̀, ohun tó fẹ́, bó ṣe fẹ́ gbà á. Tó bá jẹ́ lẹ́tà, ẹ lu sítáǹbù ọjọ́ mọ́ ọn kó tó kúrò lórí tábìlì yín. Ọjọ́ tó wọlé yẹn lòfin ti ń ka ọjọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀gá ráyè kà á. Ní Amẹ́ríkà, HIPAA, òfin 1996 tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn, àtàwọn ìlànà tó wà lábẹ́ ẹ̀ fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá aláìsàn tó béèrè ìwé ara ẹ̀ lóhùn, ẹ lè fi ọjọ́ 30 mìíì kún un lẹ́ẹ̀kan péré, ìyẹn tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí i pé ìdí báyìí ló fà á. Ní Yúróòpù, GDPR, òfin ọ̀rọ̀ ara ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ní oṣù kan, èèyàn lè fi oṣù méjì kún un tí ọ̀rọ̀ náà bá díjú. Ẹ wá èyí tó jẹ́ ti ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Mo ti rí lẹ́tà tó sùn sínú dúróà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí ẹni tó gbà á rò pé ẹlòmíì lọ́rọ̀ kàn. Kẹ́nì kan ṣoṣo ni ín lọ́wọ́, kí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀.

Tí ẹni tó wá béèrè ò bá mọ̀wé kọ, tàbí tójú ò jẹ́ kó rí i kọ, ẹ má ní kó máa lọ. Ẹ bá a kọ ọ́, ẹ kà á sí i létí, kó tẹ̀ka tàbí kó sáìn, kẹ́ ẹ̀yin náà sáìn pé ẹ̀yin lẹ bá a kọ ọ́.

Láti ìṣẹ́jú tí ìbéèrè ti dé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ tún nǹkan kankan kọ sínú fáìlì yẹn kó tó jáde. Mo mọ̀ pé tí dókítà bá ti gbọ́ pé wọ́n ń béèrè fáìlì, ọkàn lè máa sọ fún un pé kó lọ fi gbólóhùn kan kún ohun tó kọ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Kó má ṣe é o. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, kó kọ àlàyé tuntun, kó fi déètì òní àti orúkọ ara ẹ̀ sí i, kó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Fáìlì orí kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó wọlé, aago tó wọlé, àti ohun tó yí padà, ojú tí kóòtù sì fi ń wo ẹni tó tún fáìlì kọ burú ju ojú tó fi ń wo ẹni tó ṣàṣìṣe nínú ìtọ́jú lọ.

Ta ló ń béèrè, ṣé òun náà ni lóòótọ́?

Tó bá jẹ́ aláìsàn fúnra ẹ̀ ló wá, káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò ti tó, ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wé ti inú fáìlì. Tí kò bá ní káàdì lọ́wọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè, àmọ́ ẹ má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé a óò ṣí fáìlì, a óò ní "ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé ní àdírẹ́sì báyìí báyìí?" onítọ̀hún á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni? "Kí ni àdírẹ́sì yín? Ìgbà wo lẹ wá kẹ́yìn? Kí lẹ bá wá?" ni kẹ́ ẹ bi í, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ lẹ́tà tàbí ímeèlì, tí nǹkan kan ò bá sì yé yín, ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà, torí ẹni tó kọ lẹ́tà èké náà ló máa gbé fóònù yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìdílé ló le jù. Ìyàwó ò ni fáìlì ọkọ, ọkọ ò ni fáìlì ìyàwó, àgbà tó bí ọmọ tó ti gbọ́njú ò ni fáìlì ọmọ yẹn, bó ti wù kí ìfẹ́ wà láàárín wọn tó. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹlòmíì á mú ìyọ̀ǹda onítọ̀hún wá. Tí wọ́n bá pè lórí fóònù, ká má tiẹ̀ sọ pé ẹni náà wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan máa ń rò pé "bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń wá síbí" ò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ló gbé fóònù, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní oògùn HIV, gbólóhùn kan yẹn ti sọ ohun gbogbo tán. Ohun témi máa ń sọ ni: "Ẹ má bínú sà, a kì í sọ lórí fóònù bóyá ẹnì kan ń gbàtọ́jú níbí tàbí kò gbà á, tẹ́ ẹ bá ní ìwé ìyọ̀ǹda, ẹ mú un wá, inú wa á dùn láti dá yín lóhùn." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè, kódà fún ẹni tí orúkọ tó dá ò sí nínú ìwé wa rárá, torí tó bá jẹ́ àwọn aláìsàn wa nìkan là ń sọ ọ́ fún, ó ti di ìdáhùn nìyẹn.

Ti ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ló sábà máa ń béèrè. Tí bàbá àti ìyá bá ti kọra wọn sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìwé kóòtù kan wà tó sọ ẹni tó ní àṣẹ lórí ọmọ. Ti ọ̀dọ́ tó ti tó gba irú ìtọ́jú kan fúnra ẹ̀ láìsí òbí lábẹ́ òfin ibẹ̀, bí ìtọ́jú àrùn ìbálòpọ̀, apá yẹn nínú fáìlì lè jẹ́ tiẹ̀, kì í ṣe ti òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn náà níbòmíì ńkọ́? Èyí ni ká ṣe kíákíá. HIPAA fúnra ẹ̀ ò ní ká gba ìwé ìyọ̀ǹda kí dókítà kan tó fún dókítà mìíì ní ohun tó nílò fún ìtọ́jú. Ẹ ri dájú pé ọsibítù yẹn ló ń pè lóòótọ́ (ẹ wá nọ́ńbà wọn fúnra yín, ẹ pè wọ́n padà), kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pàjáwìrì tí wọn ò mọ oògùn tí ara ẹ̀ kọ̀, kò yẹ kí fọ́ọ̀mù wa pa á.

Ìwé ìyọ̀ǹda: ẹ kà á dé ìsàlẹ̀

Ìwé tí aláìsàn sáìn kí wọ́n lè fún ẹlòmíì ní ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ má kàn wo ìbuwọ́lù kẹ́ ẹ ní ó ti parí. Ohun mẹ́fà ni mo máa ń wá nínú ẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí wọ́n fi sílẹ̀? Ta ló máa fi í sílẹ̀? Ta ló máa gbà á? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìgbà wo ni ìyọ̀ǹda yẹn máa kú? Ìbuwọ́lù àti déètì ńkọ́? Tí ọ̀kan bá ti sọnù, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ sọ èyí tó sọnù kí wọ́n lè tún un ṣe, ẹ má kàn kọ "kò pé" sí i lórí. Ẹ wo íǹkì náà dáadáa o, mo ti rí fọ́ọ̀mù tí ìbuwọ́lù jẹ́ búlúù tó ti ń ṣá, tí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àlàfo òkè wá dúdú bíi pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ti jẹ́ kí onítọ̀hún sáìn òfìfo nìyẹn.

Ẹ sì rántí pé aláìsàn lè yí ọkàn padà. Tó bá kọ̀wé pé òun ò fọwọ́ sí i mọ́, ohun tó ti lọ ti lọ, àmọ́ kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ tún jáde.

Mo rántí ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ mi láti ọ́fíìsì lọ́yà. Ọkọ̀ ló gbá obìnrin náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kán, ó sì sáìn ìwé náà lóòótọ́. Nínú ìwé tó sáìn, ohun tó wà níbẹ̀ ni ìtọ́jú ẹsẹ̀ láti ọjọ́ ìjàǹbá. Lẹ́tà tí lọ́yà fi bò ó wá ní kí wọ́n kó "gbogbo fáìlì látìgbà tó ti ń wá" ránṣẹ́. Fáìlì yẹn nípọn, ọdún mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀, oyún kan tó wálẹ̀ wà níbẹ̀, oògùn ìsoríkọ́ tó lò fún oṣù mẹ́jọ wà níbẹ̀. Mo pe obìnrin náà lórí nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì, mo ní mà, ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo fáìlì ni wọ́n ń béèrè? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ò mọ̀ nípa oyún yẹn, òun ló sì ń bá mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà." Ojú ìwé 26 tó kan ẹsẹ̀ ni mo ṣe kọ́pì ẹ̀, mo kọ sókè pé èyí nìkan ni ìyọ̀ǹda náà kàn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, lọ́yà yẹn ò tiẹ̀ pè padà, torí ẹsẹ̀ yẹn náà lòun nílò.

Tó bá jẹ́ lọ́yà, ọlọ́pàá tàbí kóòtù

Lẹ́tà lọ́yà kì í ṣe àṣẹ kóòtù. Láìsí ìyọ̀ǹda aláìsàn, ìbéèrè lásán ni. Ìwé ìpè tí lọ́yà fi ń ní kéèyàn mú ìwé wá sí kóòtù náà yàtọ̀ sí àṣẹ tí adájọ́ fọwọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀, tí adájọ́ ò fọwọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn yín pé wọ́n ti gbìyànjú láti sọ fún aláìsàn náà kó lè ráyè takò ó, tàbí pé wọ́n ti ń wá àṣẹ tó máa dáàbò bo ọ̀rọ̀ náà ní kóòtù. Tí adájọ́ bá ti pàṣẹ, ohun tí àṣẹ náà dárúkọ ni kẹ́ ẹ kó, kò sí lẹ̀tà kan lé e. Àmọ́ ẹ má dákẹ́ lórí ìwé ìpè kankan nítorí pé ẹ rò pé kò tọ̀nà. Ẹ gbé e fún agbẹjọ́rò ọsibítù lọ́jọ́ tó dé, torí àìdáhùn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀.

Ọlọ́pàá ni ẹ̀rù ẹ̀ máa ń bà wá jù. Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbà wọ́n, ẹ ní kí wọ́n jókòó, kẹ́ ẹ wá béèrè orúkọ, nọ́ńbà iṣẹ́, àgọ́ tí wọ́n ti wá, àti òfin tàbí ìwé tó fún wọn láṣẹ, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀ràn kan wà tí òfin ti ní kí ọsibítù fúnra ẹ̀ sọ, àwọn kan wà tí ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu, ìyẹn ò ní ká máa fa ọ̀rọ̀ gùn. Àmọ́ aṣọ iṣẹ́ nìkan kì í ṣe ìwé àṣẹ. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí dúútì lóru ò gbọdọ̀ dá irú ìpinnu yìí ṣe, kí nọ́ńbà ẹni tó máa pè wà lára ògiri níbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 ti to àwọn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ aláìsàn fi lè jáde: aláìsàn fọwọ́ sí i nínú ìwé, kóòtù tàbí òfin ló ní kó jáde, òbí tàbí alágbàtọ́ ló béèrè fún ọmọdé, aṣojú ló béèrè fún ẹni tí kò lè fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé tá ò bá sọ ọ́ ewu ńlá ni fún ìlera ará ìlú. Ẹ wò ó, ipò ńlá ò sí níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ọ̀gá ò sí níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹ ka ìyọ̀ǹda wọn bíi ti lọ́yà. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ òun lè padà síṣẹ́, ohun tó nílò ni bóyá ó lè ṣiṣẹ́ àbí kò lè ṣe é, kò nílò orúkọ àìsàn.

Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó

Fún ará ìta, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n tó máa tó ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kó má lé. Fún aláìsàn fúnra ẹ̀, ìwọ̀n yẹn ò sí, ohun tó bá béèrè ni kẹ́ ẹ fún un, àti ohun tí dókítà kọ, àti èsì láàbù, àti ẹ́ksíréè, àti lẹ́tà tó wá láti ibòmíì. Ẹ kàn bi í kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ní òun fẹ́ "fáìlì òun" lè jẹ́ pé ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ nìkan ló ń wá, a óò wá kó 300 ojú ìwé fún un.

Àwọn apá kan wà tó ń fẹ́ àfiyèsí ọ̀tọ̀: HIV, àrùn ọpọlọ, oògùn olóró àti ọtí, ọ̀rọ̀ oyún, àyẹ̀wò àbùdá (DNA). Ní Amẹ́ríkà, ìwé ilé ìtọ́jú ẹni tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí oníṣègùn ọpọlọ kọ fún ara ẹ̀ nínú ìjókòó pẹ̀lú aláìsàn tó sì tọ́jú síbi ọ̀tọ̀, ìyẹn ò sí lára ohun tí aláìsàn ní ẹ̀tọ́ dandan sí. Fún ará ìta, kí àwọn apá wọ̀nyí má jáde àfi tí ìyọ̀ǹda bá dárúkọ wọn.

Ẹ ṣí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan

Èyí ni iṣẹ́ gan-an, òun náà sì ni wọ́n máa ń fò. Kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sórí ẹ̀rọ fótókópì, ẹ wo ohun méjì lórí ẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà ọsibítù, tàbí orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Ìyá kan wá gba ìwé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ẹ̀ tó fẹ́ lọ sí ọsibítù mìíì. Orúkọ ìdílé kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ìyá kan náà, àdírẹ́sì kan náà, fóònù kan náà. Mò ń ṣí i lọ, mo dé èsì ẹ̀jẹ̀ kan tó há sáàárín ojú ìwé 43 àti 44, gbogbo ẹ̀ dà bíi pé ó bá a mu, àfi nọ́ńbà ọsibítù tó parí sí 6 dípò 5. Ti ọmọ kejì ni. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ìwé yẹn yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ń lọ. Tí ìwé yẹn bá bá a lọ, dókítà ibẹ̀ á kà á, á gbà á gbọ́, ó ṣeé ṣe kó kọ ọ́ sórí káàdì tuntun. Mo jókòó fún bí ìṣẹ́jú méjì kí n tó lè tẹ̀ síwájú. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi pé kí n yára. Ẹ dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà sínú fáìlì tó ni ín, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ má fi ìwé gangan sílẹ̀ láé, kọ́pì ni kó jáde. Ẹ nọ́ńbà ojú ìwé kọ́pì náà, kẹ́ ẹ kọ iye wọn sórí ìwé tó máa bò ó, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ tí nǹkan bá yọ níbẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ìwé wò o, nọ́ọ̀sì máa ń kọ nǹkan sẹ́yìn, ẹ̀rọ ò sì ní ṣí i fúnra ẹ̀.

Ohun tó yẹ ká bò

Nígbà míì ọ̀rọ̀ ẹlòmíì máa ń wà nínú fáìlì aláìsàn. Ọmọ ti lọ bá nọ́ọ̀sì pé bàbá òun kì í lo oògùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ síbẹ̀ tórúkọtórúkọ. Tí irú ẹ̀ bá wà, ẹ fi han dókítà, tó bá gbà pé kẹ́ ẹ bò ó, ẹ bò ó dáadáa.

Máàkà dúdú lásán ò bo nǹkan kan. Ẹ gbé e sókè síwájú iná, ẹ máa rí lẹ́tà abẹ́ ẹ̀. Kọ́pì ni kẹ́ ẹ kun, kẹ́ ẹ tún ṣe fótókópì kọ́pì tẹ́ ẹ kùn yẹn, kẹ́ ẹ yẹ ìyẹn wò síwájú iná, òun ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ti orí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ burú jù: tẹ́ ẹ bá kàn fi àpótí dúdú lé ọ̀rọ̀ lórí nínú PDF, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó gbà á á fi máòsì fà á, á kọ́pì í, á lẹ̀ ẹ́ síbòmíì, á sì kà á. Ẹ lo ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ pátápátá, kẹ́ ẹ wá dán ohun tí mo sọ yìí wò fúnra yín kó tó lọ: ẹ mú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ẹ kọ́pì í, ẹ lẹ̀ ẹ́ sórí ojú ewé òfìfo, ẹ kà á.

Owó

Ẹ gba ohun tí òfin gbà. GDPR ní kọ́pì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. HIPAA gbà kẹ́ ẹ gba owó tó bá iṣẹ́ kọ́pì, bébà àti ìfiránṣẹ́ mu, kì í ṣe owó wíwá fáìlì. Tí aláìsàn bá sì jẹ ọsibítù ní gbèsè ìtọ́jú, wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dá ìwé ẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà, èmi ò sì rò pé ó tọ́ níbikíbi. Gbèsè ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sin ín.

Bó ṣe máa dé ọwọ́ ẹni tó ni ín

Ẹ bi aláìsàn pé ibo ló fẹ́ kó gbà. Ìbéèrè kékeré ni lójú wa, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń lù nílé, tá a wá fi ìwé tó kọ sílẹ̀ pé wọ́n ń lu òun ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ilé, ọwọ́ ẹni tó ń lù ú ló máa kọ́kọ́ já a.

Tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́, ẹ yẹ káàdì ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sáìn pé òun gbà á. Tó bá rán èèyàn, ìwé tí aláìsàn fi rán an gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà. Apòòwé kó jẹ́ dídì, kí orúkọ ẹ̀ka ìtọ́jú má sí lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ ímeèlì, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù ti fáìlì náà, kẹ́ ẹ sọ pásíwọ́ọ̀dù yẹn lórí fóònù, ẹ má kọ ọ́ sínú ímeèlì kan náà. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ímeèlì fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín parí ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni èyí tó pọ̀ jù ti ń ṣìnà.

Kó tó kúrò nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà: ohun tó jáde, iye ojú ìwé, ẹni tó gbà á, ọ̀nà tó gbà lọ, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó fi sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, aláìsàn lè ní kẹ́ ẹ sọ àwọn tẹ́ ẹ ti fún ní ọ̀rọ̀ òun láàárín ọdún mẹ́fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, bíi ti kóòtù àti ọlọ́pàá. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, kí lẹ fẹ́ sọ?

Tẹ́ ẹ bá máa kọ̀

Ẹ má fi ẹnu kọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà: ohun tẹ́ ẹ ò fún un, ìdí ẹ̀, ibi tó lè mú ẹjọ́ lọ. Apá tí kò ní wàhálà nínú ẹ̀, ẹ fún un. Kí dókítà ní "kò ní yé e" tàbí "inú ẹ̀ máa bàjẹ́" kì í ṣe ìdí. HIPAA gbà kí wọ́n dá a dúró tí oníṣègùn bá gbà pé ó ṣeé ṣe kó fi ẹ̀mí tàbí ara ẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì sínú ewu, aláìsàn sì lè ní kí oníṣègùn mìíì tí kò bá wọn dá sí ìpinnu àkọ́kọ́ tún un wò.

Ti ẹni tó ti kú, àṣírí ò bá a kú. HIPAA ń bo ọ̀rọ̀ inú fáìlì ẹ̀ fún ọdún 50 lẹ́yìn ikú, ẹni tí òfin mọ̀ sí aṣojú òkú ló lè béèrè bíi tiẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà láti 1990 tó gba aṣojú òkú láyè, àti ẹni tó bá lè ní ẹ̀tọ́ kan láti gbà nítorí ikú yẹn. Ẹ béèrè ìwé ikú àti ìwé tó fi onítọ̀hún ṣe aṣojú. Omijé ń bọ̀ lójú ẹni tó wá yẹn, ẹ fún un ní àga kẹ́ ẹ tó béèrè ìwé.

Tó bá ti ṣèèṣì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò yẹ

Ẹyin lọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá ti bọ́, ẹ má dúró máa wò ó. Ẹ sọ fún ọ̀gá ní wákàtí yẹn. Ẹ pe ẹni tó gbà á ní àṣìṣe, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣí i, kó dá a padà tàbí kó pa á rẹ́, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òun ti ṣe é. GDPR fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń mójú tó o, òfin Nàìjíríà ti 2023 lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni náà sọ wákàtí 72. HIPAA ní kí aláìsàn gbọ́ láìjáfara, kó má kọjá ọjọ́ 60.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èsì àyẹ̀wò ẹnì kan lọ sínú ímeèlì ẹlòmíì tí orúkọ wọn jọra, wọ́n sì pinnu pé ká má sọ fún aláìsàn náà, bóyá kò ní mọ̀. Ó mọ̀. Ẹni tó gbà á ló wá a kàn. Mo wà ní fèrèsé lọ́jọ́ tó dé, kò pariwo, ohun tó ṣáà ń bi mi ni pé ọjọ́ wo lẹ mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ti ń pe aláìsàn látìgbà yẹn tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, mi ò kì í rán èèyàn: mo máa ń sọ orúkọ mi, mo máa ń sọ ohun tó lọ, ẹni tó lọ bá (láìdárúkọ), ọjọ́ tó lọ, ohun tá a ti ṣe láti gbà á padà, nọ́ńbà tó lè pè mí sí, màá wá dákẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó bá wà nínú wọn.